Sogúndogójì Tó Tú Albáníà Ká

Nínú òfin ìpìlẹ̀ tí Albáníà ṣe lọ́dún 1976, èèwọ̀ ni kí ìjọba yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, bí ọdún 1996 ṣe ń lọ sópin, àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí kan náà ń da ẹran ọ̀sìn wọn wọ Tirana, olú-ìlú wọn, kí wọ́n lè tà wọ́n, kí wọ́n sì gbé owó rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣèlérí pé àwọn á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan tó ń gbé Tirana nígbà náà ní bí ilé ìpẹran ni ìlú náà ṣe ń rùn, bí ilé ìpẹran ló sì ṣe ń pariwo. Àwọn mìíràn ta ilé tí wọ́n ń gbé.

Ó pẹ́ tí àwa Yorùbá ti fún irú òwò bẹ́ẹ̀ lórúkọ: sogúndogójì. Ẹni tí owó rẹ̀ há sínú MMM ní Nàìjíríà ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016 mọ bí ara ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní owó ò ṣeé gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ti Albáníà kọjá ọ̀rọ̀ owó tó ṣòfò. Láàárín oṣù díẹ̀, ìjọba wó, àwọn ọmọ ogun tú ká, ìbọn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, nǹkan bí 2,000 ènìyàn sì ṣòfò ẹ̀mí.

Àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń sọ pé ojúkòkòrò ló fà á. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí wá. Ogún méjì ni Enver Hoxha, olórí kọ́múníìsì tó ṣàkóso Albáníà títí di 1985, fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tó kú. Àkọ́kọ́ ni pé wọn ò mọ bí owó ṣe ń rìn. Èkejì ni ìbọn, tó kún ilé ìkóhun-ìjà káàkiri gbogbo ìlú. Ọdún 1997 ni ogún méjèèjì pàdé.

Albáníà kò tóbi. Òkè ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ítálì wà ní òdìkejì omi Adriatic, Gíríìsì wà ní gúúsù, ilẹ̀ Yugoslafia àtijọ́ sì wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 nígbà tí à ń wí yìí. Ó ju irinwó ọdún lọ tí wọ́n fi wà lábẹ́ àwọn Ottoman, kí Ismail Qemali tó kéde òmìnira ní ọjọ́ 28, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1912, nílùú Vlorë létí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ìlú yẹn sọ́kàn. Ahmet Zogu fi ara rẹ̀ jọba lọ́dún 1928, Ítálì sì lé e lọ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1939. Bí ogun àgbáyé kejì ṣe ń parí lọ, àwọn kọ́múníìsì gbàjọba lọ́dún 1944. Hoxha ni olórí wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ikú fi dé lọ́dún 1985.

Hoxha bá gbogbo ẹni tó bá a rìn jà. Ó yapa sí Yugoslafia ní 1948, ó yapa sí Rọ́ṣíà ní 1961. Ìgbà tó sì di 1978, òun àti Ṣáínà náà pínyà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni kankan mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa ní 1967. Ará ìlú ò gbọ́dọ̀ ní mọ́tò tara rẹ̀. Òwò àdáni kò sí. Ó fi kọnkéré mọ ihò ìsápamọ́-sí káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wà nínú oko, wọ́n wà létí òkun, kódà wọ́n wà nínú itẹ́ òkú. Iye wọn lé ní 170,000. Ó ní gbogbo ayé fẹ́ wá gbógun ti Albáníà, nítorí náà gbogbo ará ìlú ló gbọ́dọ̀ mọ ìbọn-ín yìn, ilé ìkóhun-ìjà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí wọn.

Ẹ ro ti ẹni tí wọ́n bí ní 1944. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà tí Hoxha kú. Kò rí báńkì méjì kí wọ́n jọ máa du oníbàárà rí. Kò rí ilé-iṣẹ́ tó wọko gbèsè rí. Kò sí ẹni tó jókòó tì í kó sọ fún un pé èlé tó bá ga jù, ewu ló wà nídìí rẹ̀. Níbo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ọ?

Àyípadà dé wuyẹwuyẹ. Ní Oṣù Keje ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fo ògiri wọ ọgbà àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ní Tirana, wọ́n ní àwọn fẹ́ kúrò nílùú. Ní Oṣù Kejìlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tú síta, ìjọba sì gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú ju ẹyọ kan lọ. Ní ọjọ́ 20, Oṣù Kejì, ọdún 1991, èrò wó ère Hoxha lulẹ̀ ní gbàgede Skanderbeg ní Tirana. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà, nǹkan bí 20,000 ènìyàn rọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kan ní èbúté Durrës, wọ́n fi dandan mú ọ̀gá ọkọ̀ náà lọ sí Bari ní Ítálì. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà káàkiri: ènìyàn bí eéṣú lórí ọkọ̀, àwọn kan rọ̀ mọ́ okùn lókè téńté. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Vlora.

Ọdún 1992 ni ẹgbẹ́ Dẹmọkírátì wọlé, tí Sali Berisha, dókítà ọkàn, sì di ààrẹ.

Ọrọ̀ ajé gbéra. Láti 1993 sí 1995, ó ń dàgbà ní ohun tó ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọọdún, àwọn àjọ ńlá bíi IMF àti Báńkì Àgbáyé sì ń yìn wọ́n. Àmọ́ níbo gan-an ni owó náà ti ń wá? Apá kan ń wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ tó sá lọ ṣiṣẹ́ ní Gíríìsì àti Ítálì, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Apá kan wá láti inú fàyàwọ́: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi òfin de òwò pẹ̀lú Yugoslafia nítorí ogun, àwọn ará Albáníà sì ń gba ẹ̀yìn gbé epo bẹntiró kọjá sí wọn. Èrè rẹ̀ pọ̀ gan-an.

Báńkì ńkọ́? Mẹ́ta péré ló ṣe pàtàkì, ti ìjọba sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wọn kò dá a padà, nítorí náà wọn ò fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́. Ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò rí owó yá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ń bẹ nílé àwọn ènìyàn. Inú àlàfo yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí à ń wí ti jáde. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n ń fi ṣòwò, wọ́n ń san èlé. Níbẹ̀rẹ̀, kò burú lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní wọ́n ń ran orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ni.

Èyí tó tóbi jù ni VEFA, ti Vehbi Alimuçaj, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun tẹ́lẹ̀. VEFA ní ilé ìtajà ńlá, ó ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní òwò tí ojú rí. Gjallica wà ní Vlorë. Kamberi náà wà pẹ̀lú wọn. Àwọn yìí ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan náà kò tó san èlé tí wọ́n ń ṣèlérí. Sudja yàtọ̀. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bàtà rí, Maksude Kadëna, ló ni ín, kò sì ní òwò kankan nílẹ̀. Owó ẹni tó dé lónìí ló fi ń san ti ẹni tó dé lánàá. Nígbà tó di 1996, méjì mìíràn wọlé, Xhaferri tó fi ìlú Lushnjë ṣe ibùjókòó àti Populli, wọ́n ní àjọ aláàánú ni àwọn.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ pátápátá dé láti òde. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá òfin tí wọ́n fi de Yugoslafia dúró. Fàyàwọ́ epo parí, èrè rẹ̀ gbẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi èrè fàyàwọ́ san èlé wá nílò owó tuntun kíákíá, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ láti fi rí i ni kí wọ́n gbé èlé sókè. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni púpọ̀ nínú wọn ń san. Ní Oṣù Karùn-ún, Kamberi gbé e sí 10. Ní Oṣù Keje, Populli ní òun á san ju 30 lọ lóṣù. Ní Oṣù Kẹsàn-án, Xhaferri ní kí wọ́n mú owó wá, òun á sọ ọ́ di mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta. Sudja fèsì: tòun á di méjì láàárín oṣù méjì.

Ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ènìyàn 1,000 ló mú 100 dọ́là wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 300 dọ́là ló tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí òwò nílẹ̀, ènìyàn tuntun 3,000 gbọ́dọ̀ mú 100 dọ́là wá kí wọ́n tó lè san án. Àwọn 3,000 yẹn nílò 9,000. Àwọn yẹn nílò 27,000. Ó di 81,000, ó di 243,000, ó di 729,000, ó di 2,187,000. Ìgbà kẹjọ, ó di 6,561,000, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gbogbo ọmọ Albáníà, tọmọdé tàgbà. Ọdún méjì péré nìyẹn, bó bá ṣe pé 1,000 ló bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀, Xhaferri àti Populli nìkan ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 2. Kò sí ẹni tuntun mọ́ nílẹ̀ tí wọn yóò gba tirẹ̀ fi san tàwọn tó wà níwájú.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1996, gbèsè tí gbogbo wọn jẹ ará ìlú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, ti tó bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, ó sún mọ́ ìdajì gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pa wọlé lọ́dún.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń pe àwọn ènìyàn yìí ní olójúkòkòrò jiyàn nìyí. Ta ló sọ fún wọn pé ewu wà? Ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Àwọn aláṣẹ ń lọ síbi ayẹyẹ wọn. Nígbà ìdìbò Oṣù Karùn-ún ọdún 1996, àwọn kan nínú wọn fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lówó ìpolongo. Òfin báńkì tuntun ti jáde ní Oṣù Kejì ọdún náà, ó fún báńkì àpapọ̀ láṣẹ láti ti ilé-iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó ìfipamọ́ láìgbàwé-àṣẹ pa, ṣùgbọ́n ìjọba kò ti báńkì àpapọ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn IMF kìlọ̀. Ilé-iṣẹ́ ètò ìṣúná fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú ní Oṣù Kẹwàá. Ààrẹ jáde, ó sì gbèjà àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Bí olórí orílẹ̀-èdè bá ní kò séwu, tí aládùúgbò rẹ sì ń gba èlé tirẹ̀ lóṣooṣù lójú rẹ, tí ìwọ kò sì rí irú rẹ̀ kó wó rí láyé rẹ, kí lo máa ṣe? Ẹ̀bi èyí wà lọ́rùn àwọn tó mọ̀ tí wọ́n dákẹ́, àti àwọn tó mọ̀ tí wọ́n ṣe agbẹnusọ.

Ní ọjọ́ 19, Oṣù Kọkànlá, Sudja kò rí owó san. Ìròyìn náà tàn, ọkàn àwọn tó kó owó sí àwọn tó kù kò balẹ̀ mọ́, owó tuntun sì dẹ́kun wíwọlé. Nígbà tí Oṣù Kìíní ọdún 1997 fi máa dé, wọ́n ti ń tẹ̀ lé ara wọn ṣubú. Ilé aṣòfin sáré ṣòfin tó fòfin de sogúndogójì. Ìjọba di owó Xhaferri àti Populli tó wà ní báńkì mú, nǹkan bí mílíọ̀nù 250 dọ́là. Wọ́n mú Rrapush Xhaferri, ẹni tó ni Xhaferri. Àwọn ará Lushnjë bínú, àwọn ni wọ́n jẹ lówó. Igbákejì olórí ìjọba, Tritan Shehu, lọ síbẹ̀ láti pẹ̀tù sí wọn nínú. Èrò sé e mọ́ inú pápá ìṣeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n sì lù ú.

Nígbà tí Gjallica wó ní Oṣù Kejì, Vlorë gbaná. Kò sí ìlú tí ọ̀rọ̀ náà dùn tó o: ibẹ̀ ni fàyàwọ́ ti ń ṣàn, ibẹ̀ ni Gjallica wà, owó tí àwọn ọmọ wọn fi òógùn kó jọ ní Gíríìsì àti Ítálì, ibẹ̀ ló wọlẹ̀ sí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ́de. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ kọ oúnjẹ, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ní àfi kí ìjọba fipò sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 28, Oṣù Kejì, ìròyìn lọ pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ náà. Èrò ya bo ilé-iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọ́n yìnbọn síra wọn, wọ́n dáná sun ilé náà. Ẹ̀mí bọ́ níhà méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, olórí ìjọba, Aleksandër Meksi, fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2, Oṣù Kẹta, wọ́n kéde òfin pàjáwìrì. Ní ọjọ́ 3, bí gúúsù ṣe ń jó, ilé aṣòfin dìbò fún Berisha láti ṣe ààrẹ fún ọdún márùn-ún mìíràn.

Ogún kejì ló wá kàn. Àwọn ọmọ ogun kọ̀ láti yìnbọn sí ẹbí wọn. Wọ́n bọ́ aṣọ, wọ́n lọ sílé. Ilé ìkóhun-ìjà ṣí sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́, ará ìlú wọlé, wọ́n ń kó ìbọn. Ní gúúsù ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó dé ìdajì, ó ti dé àríwá, ó ti dé Tirana. Ọmọdékùnrin gbé Kalashnikov kọ́ èjìká, bàbá àgbàlagbà gbé tirẹ̀ lọ sílé kí ó má bàa jẹ́ òun nìkan ni kò ní. Wọ́n ń yìn ín sókè tọ̀sán tòru. Ọta tó bá lọ sókè sì ń bọ̀ wá sílẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn kú láìbá ẹnikẹ́ni jà, nínú àgbàlá ilé wọn, lójú fèrèsé wọn. Àwọn mìíràn kú níbi tí ohun ìjà ti bú gbàmù mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kó o. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Fatos Nano, olórí ẹgbẹ́ Sósíálíìsì tó wà lẹ́wọ̀n, jáde. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè fi hẹlikópítà kó àwọn ènìyàn wọn.

Ní ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, Berisha àti àwọn alátakò fọwọ́ sí àdéhùn, Bashkim Fino, tó ti jẹ́ olórí ìlú Gjirokastër rí, sì di olórí ìjọba àjùmọ̀ṣe. Ní ọjọ́ 28, ìgbìmọ̀ ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fàṣẹ sí i kí ọmọ ogun lọ ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn tí wọ́n ń kó wọlé. Ítálì ló ṣaájú wọn, nǹkan bí 7,000 ni wọ́n, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Oṣù Kẹrin. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 29, Oṣù Kẹfà. Àwọn Sósíálíìsì wọlé, Nano di olórí ìjọba, Berisha sì kúrò lórí àga ààrẹ ní Oṣù Keje. (Ó padà wá ṣe olórí ìjọba láti 2005 sí 2013, àwọn ará Albáníà fúnra wọn ló dìbò fún un.)

Lọ́dún yẹn, ọjà gbówó lórí ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára owó Xhaferri àti Populli tó wà ní báńkì, àwọn tí wọ́n jẹ rí apá kan gbà padà. Ti VEFA àti àwọn tó ní òwò tójú rí ló wá burú jù: ìjọba ní láti fi àwọn aṣírò-owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe alábòójútó wọn, nígbà tí wọ́n sì ṣí ìwé wò, ohun ìní tó kù kò tó gbèsè rárá. Alimuçaj ṣẹ̀wọ̀n. Púpọ̀ nínú ìbọn tó jáde nígbà náà kò padà sílé ìkóhun-ìjà. Àwọn ìbọn kan kọjá òkè lọ sí Kosovo, wọ́n sì fi wọ́n jagun níbẹ̀ ní 1998.

Lọ́jọ́ 28, Oṣù Kẹta, ọdún 1997 yẹn kan náà, tó jẹ́ ọjọ́ Good Friday, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń jẹ́ Kater i Radës gbéra ní Vlorë. Ọkọ̀ ológun àtijọ́ ni. Àwọn tó ń sá fún ìbọn ló kún inú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ ogun Ítálì kan, Sibilla, ń gbìyànjú láti dá wọn padà lójú òkun. Ó kọlù wọ́n, wọ́n rì. Àwọn tó kú lé ní 80. Wọ́n gbé òkú ọkọ̀ náà jáde láti inú omi lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó wà ní èbúté Otranto báyìí, ní òdìkejì omi tí àwọn ènìyàn náà fẹ́ dé.